Aláwọ̀n-Méjì: Ẹni Tó Kọ́ Wa Láti Máa Fọwọ́ Kan Òpó Tiwa

Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni wọ́n bí Màmá sí, ní oṣù Kẹta ọdún 1946, níbi tí òórùn pákó tuntun ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Káfíńtà ni bàbá wọn, káfíńtà sì ni bàbá tó bí bàbá wọn. Aránṣọ ni ìyá wọn, aránṣọ ni ìyá tó bí ìyá wọn pẹ̀lú. Ìdílé tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun ni. Màmá ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun níbẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí àwọn àgbà ilé tó gbà pé iṣẹ́ ni.

Màmá nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọmọ káfíńtà. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ní kékeré sọ pé Màmá ò rìn kí wọ́n tó sáré. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dìde dúró, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n bá wọn. Bí ìyá aránṣọ bá fẹ́ rán wọn ní òwú, á tutọ́ sílẹ̀, á ní, “Kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí o ti dé o.” Màmá á lọ, wọ́n á bọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo itọ́ náà, wọ́n á ní, “Ìyá mi, ó ṣì ń hó. Ṣé kò sí iṣẹ́ míì?” Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ là ń sọ.

Ní ọdún 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin ní 1959. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ eré ìdárayá kan tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Fèrè, nítorí fèrè rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àfi bó bá ń jẹun. Fèrè rí ẹsẹ̀ Màmá, ó ní ẹsẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó kọ́ wọn ní eré ìje, ó kọ́ wọn ní fífò sókè àti fífò jìnnà, ó tún fi ọ̀kọ̀ lé wọn lọ́wọ́ láti jù. Kò sí èyí tí wọn ò ti gba ipò kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: gbogbo eré wọ̀nyí, iwájú nìkan lèèyàn ń lọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún eléré ìje pé kó yí padà.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní ọdún 1963, nígbà tí wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ Màmá náà kó ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì wá sí ìdíje. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nìyẹn: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀n tó ń jù ú sí, bí abala kìn-ín-ní bá sì parí, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì á pààrọ̀ àwọ̀n. Fèrè sáré ṣa àwọn tó ga àti àwọn tó lè sáré jọ. Ó ní kí Màmá jókòó ní abala kìn-ín-ní, kí wọ́n máa fojú kọ́ ọ. Màmá sì wò ó dáadáa! Wọ́n wò ó títí ó fi há wọn lórí pé àwọ̀n tó wà lápá géètì ni tiwa.

Abala kejì bẹ̀rẹ̀, Màmá wọlé, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ó di eré! Apá géètì ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n gbọ́ ariwo àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n rò pé oríyìn ni. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó ń lé wọn, inú wọn bá dùn pé eré àwọn ti kọjá ohun tí àwọn alátakò lè bá. Ta ni ì bá lé wọn? Ta ní í lé ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́? Màmá fò, wọ́n jù ú, ó wọlé láìfara kan irin, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ilé ẹ̀kọ́ kejì ló dìde tó ń pàtẹ́wọ́. Lápá tiwa, gbogbo èèyàn dákẹ́ lọ gbári, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá káfíńtà dìde ní ìlà ẹ̀yìn, wọ́n ń fò, wọ́n ń pariwo, “Ọmọ mi nìyẹn! Èmi ni mo bí i!” Bàbá ò mọ òfin eré. Ọmọ wọn ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù wọlé. Kí ló tún kù?

Ẹyọ bọ́ọ̀lù yẹn ni wọ́n fi na ilé ẹ̀kọ́ Màmá. Kí Màmá tó dé ilé, orúkọ ti ṣáájú wọn débẹ̀: Aláwọ̀n-Méjì. Wọ́n sunkún dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà mọ́ láyé. Bàbá káfíńtà bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, Màmá ṣàlàyé. Bàbá ronú, wọ́n họ irùngbọ̀n. “Àwọ̀n méjì ni wọ́n gbé síbẹ̀, wọ́n tún wá ń pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́? Àwọn ló jẹ̀bi. Ó dáa, èmi á gbé ẹyọ kan sẹ́yìn ilé fún ọ. Ìyẹn, o ò ní lè ṣì í.”

Wọ́n sì gbé e. Pákó tó nípọn, òpó tó rinlẹ̀, àwọ̀n kan ṣoṣo, lẹ́yìn ilé. Nígbà tí sìmẹ́ńtì ìdí òpó gbẹ tán, Bàbá pe ọmọ wọn. “Wò ó, kí n tó gé igi, mo máa ń fọwọ́ kan ibi tí mo fẹ́ gé, màá sì sọ ọ́ lẹ́nu pé ibí ni. Ayùn kì í mọ àṣìṣe. Bó bá ti gé e, ó ti gé e nìyẹn. Ìwọ náà, kí o tó jù ú, fọwọ́ kan òpó. Sọ ọ́ lẹ́nu pé tiwa nìyí.” Màmá fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, “Tiwa nìyí.” Láti ọjọ́ náà ni básíkẹ́ẹ̀tì ti wọ̀ wọ́n lára.

Ní ọdún 1966 ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń jókòó ní ìlà kan, tí wọ́n ń fi okùn so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Ọwọ́ Màmá yá débi pé àwọn oníbàárà á tún máa ṣàlàyé ẹni tí wọ́n ń wá, ẹni náà á ti máa ní, “Hẹlóò.” Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Màmá ń sáré fún ilé iṣẹ́, wọ́n ń fò, wọ́n ń gbá tẹníìsì orí tábìlì, wọ́n sì ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ife tí wọ́n gbà kún àpótí dígí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí tí ọ̀gá àgbà fi ní kí wọ́n kan òmíràn.

Níbi eré ìje àwọn òṣìṣẹ́ ní 1968 ni wọ́n ti pàdé Bàbá wa. Atúnaagoṣe ni Bàbá, ọ̀dọ́kùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n gbé aago ìdíje lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n tẹ aago bí àwọn eléré bá gbéra, kí wọ́n sì tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ bá dé. Wọ́n tẹ ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe ń bọ̀ níwájú gbogbo èèyàn, Bàbá gbàgbé pé àwọn ní ọwọ́. Màmá dé, àwọn yòókù dé, aago ṣì ń sáré lọ ní tirẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tún eré náà sá. Màmá tún gbégbá orókè, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n. Ni wọ́n bá lọ bá aláago níbi tó jókòó sí, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìbàdí. “Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń wò?” Bàbá ní, “Kì í ṣe aago.” Ìdáhùn yẹn ló di ìgbéyàwó ní 1970. Títí Bàbá fi lọ ni wọ́n ń sọ pé obìnrin kankan ò sáré tó ìyẹn rí láyé yìí, kò sì sẹ́ni tó lè jà wọ́n níyàn, nítorí kò sí aago tó kà á.

Ní ọdún 1977, Màmá fò sókè níbi ìdíje, wọ́n sì balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan. Orúnkún dún. Dókítà ní ó tán. Wọ́n sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n nu ojú, tí wọ́n ní bí ẹsẹ̀ ò bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ẹnu á máa gbá a. Bí wọ́n ṣe di akọ̀wé ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin ilé iṣẹ́ tẹlifóònù nìyẹn. Nígbà tó di 1983, àwọn ni alábòójútó ẹgbẹ́ pátápátá. Àṣà káfíńtà sì di òfin níbẹ̀: kí abala kejì tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á rìn lọ sídìí àwọ̀n tí wọ́n máa jù ú sí, wọ́n á fọwọ́ kan òpó, wọ́n á ní, “Tiwa nìyí!” Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ Màmá ń fi ife ṣèdáhùn.

Ẹ̀rù kì í ba Màmá. Ní 1984, àwọn ọkùnrin wọ gbọ̀ngàn eré nígbà tí àwọn obìnrin ṣì wà lórí pápá, wọ́n ní àkókò ìdánrawò àwọn ti tó, kí àwọn ọmọbìnrin máa lọ sílé lọ dáná. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n wọ ọ́fíìsì ọ̀gá gbọ̀ngàn, wọ́n gbé àga ọ̀gá jáde, wọ́n gbé e sí àárín gbùngbùn pápá, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. “Ẹ máa gbá a o. Orí mi lẹ máa gbá a gbà.” Kóòṣì àwọn ọkùnrin bẹ̀bẹ̀, ọ̀gá gbọ̀ngàn náà bẹ̀bẹ̀, pàápàá nítorí àga rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ti ní ìrọ̀lẹ́ tiwọn nínú gbọ̀ngàn. Àga náà ò padà sí ọ́fíìsì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi ìlà àárín, ló wà, Màmá nìkan ló sì ń jókòó lé e.

Ẹbí ní ká má ṣe fo èyí tó kàn yìí, nítorí Màmá fúnra wọn kì í fò ó. Ní 1989, àkọ́bí Màmá, ọmọbìnrin tó ga bí òpó iná, tó sì mọ bọ́ọ̀lù jù bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, wá dán ara rẹ̀ wò fún ẹgbẹ́. Kóòṣì yàn án. Màmá yọ ọ́. Wọ́n ní ìbátan àwọn kankan ò gbọdọ̀ sí nínú ẹgbẹ́ tí àwọn ń darí, kí ayé má baà sọ pé ọmọ ọ̀gá ni. Kóòṣì ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bó bá gbá a, wọ́n á dákẹ́.” Màmá ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Àkọ́bí bá wọn nílé. “Màmi, ṣé mi ò mọ̀ ọ́n gbá ni?”

“O mọ̀ ọ́n.”

“Kí ló wá dé?”

“Torí pé èmi ni mo bí ọ.”

“Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn?”

Àkọ́bí kó ẹrù, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò Bàbá, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Kò já wọn sílẹ̀ pátápátá o. Ó máa ń wá kí wọn. Ṣùgbọ́n bó bá dé, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ káàárọ̀ mà,” bí ẹni tó ń kí ọ̀gá ilé ìfowópamọ́. “Màmi” ti di “mà.” Ìyẹn dun Màmá ju orúnkún lọ. Ife ń wọlé, inú wọn ò dùn sí i mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá ni kí ọmọ yẹn tún pè wọ́n ní Màmi. Bàbá atúnaagoṣe máa ń sọ fún wọn pé, “Aago tó bá dúró, èèyàn kì í gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ẹ̀yìn rẹ̀ là ń ṣí. Ìwọ lo dá a dúró, ìwọ ni kí o ṣí i.” Màmá á ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò ṣí nǹkan kan.

Ní 1993, ẹgbẹ́ tẹlifóònù àti ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì pàdé nínú àṣekágbá. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Àkọ́bí ni balógun ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, Màmá wà lórí àga wọn, Bàbá wà nídìí aago. Abala kìn-ín-ní parí, kò sí ẹgbẹ́ tó fi bẹ́ẹ̀ ju ìkejì lọ. Nígbà tí wọ́n jáde fún abala kejì, ẹgbẹ́ Màmá lọ fọwọ́ kan òpó wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Màmá wá wo ìhà kejì. Àkọ́bí ló rí, tó ń kó àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́yìn lọ sídìí òpó tiwọn, tó na ọwọ́, tó fi kàn án. Ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ ní “mà”! Àṣà bàbá àgbà rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá dìde. Wọ́n wọ inú pápá, wọ́n ń tiro díẹ̀ nítorí orúnkún, wọ́n kọjú sí òpó àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹnì kan kígbe láti òkè pé, “Aláwọ̀n-Méjì ti tún ṣìnà o!” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ wọn lé ọwọ́ ọmọ wọn lára òpó.

“Tiwa nìyí,” Màmá wí.

Àkọ́bí ní, “Ẹgbẹ́ yín wà lọ́hùn-ún mà.”

“Mo mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣì í ni. Ti òní, mo lajú sílẹ̀ wá. O mọ̀ ọ́n gbá, mo sì yọ ọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú, ọmọ mi.”

Àkọ́bí wo ilẹ̀, ó wo òkè, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Màmi,” ló sọ. Rẹfirí fọn fèrè, eré ò bẹ̀rẹ̀, nítorí Bàbá tó wà nídìí aago ò tẹ aago. Wọ́n ní àwọn gbàgbé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Màmá ní kí ẹgbẹ́ wọn rọra o. Wọ́n padà sórí àga, wọ́n pariwo mọ́ àwọn ọmọ wọn títí ohùn fi há, ẹgbẹ́ tẹlifóònù sì gba ife. Àkọ́bí wá dì mọ́ wọn, ó ní, “Ẹ nà wá tán, ẹ tún wá ń tù wá nínú.” Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pe Màmá pé wọ́n dójú ti ẹgbẹ́. Màmá ní, “Bó bá wù yín, ẹ fi ẹlòmíràn sórí àga yẹn. Ṣùgbọ́n òfin pé ìbátan ọ̀gá ò gbọdọ̀ gbá a, èmi ni mo gbé e kalẹ̀, mo sì ti gbé e kúrò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó gbá a.” Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àga. Ní 1996, Màmá ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àjọ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 2008. Lásìkò wọn ni àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá a pọ̀ débi pé gbọ̀ngàn kan ò gbà wọ́n mọ́.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá. Àwọn ni olórí àwọn tó ń fi èrò jókòó nínú ìjọ, wọ́n sì ń ṣe é bí ẹni tó ń to ẹgbẹ́: ọmọdé síwájú, ẹni tó bá ń sùn sẹ́bàá ọ̀nà. Bí ìwàásù bá gùn jù, Màmá á gbé àtẹ́lẹwọ́ kan dùbúlẹ̀ lé ìka ọwọ́ kejì, àmì tí kóòṣì fi ń tọrọ ìsinmi. Olùṣọ́àgùntàn wà níbí lónìí, wọ́n lè jẹ́rìí sí i. Ní àdúgbò, wọ́n rí i dájú pé pákó àti àwọ̀n wà ní gbogbo ilẹ̀ tó bá ṣófo, wọ́n sì ń bá àwọn òbí tí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn gbá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ títí agara fi máa dá wọn, tí wọ́n á sì gbà.

Bàbá sùn ní 2011. Màmá ní kí wọ́n má ṣe dá aago ṣọ́ọ̀bù Bàbá dúró, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Àìsàn dé bá Màmá náà ní ọdún 2023. Àkọ́bí, tó ti di ọ̀gá nọ́ọ̀sì, kó wá sí ilé káfíńtà, níbi tí Màmá ti padà ń gbé, láti tọ́jú wọn. Ó gbé ibùsùn wọn sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n lè máa wo òpó Bàbá káfíńtà, níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ ti ń ju bọ́ọ̀lù, tí Màmá sì ń bú gbogbo wọn láti orí ibùsùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, ọwọ́ Màmá wà lára irin ibùsùn. Àkọ́bí gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó ní, “Tiwa nìyí, Màmi.” Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì sùn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá ni àkọ́bí wọn, ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin tó jogún ṣọ́ọ̀bù aago. Àbíkẹ́yìn obìnrin, olùkọ́ eré ìdárayá, tí fèrè kì í kúrò lẹ́nu òun náà. Ọkọ àti ìyàwó ọmọ. Àwọn ọmọ-ọmọ tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, tàbí ká ní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré. Àbúrò wọn ọkùnrin, káfíńtà tó kù nínú ìdílé. Àti àìmọye ọmọ tí wọn ò bí, tí wọ́n kọ́ ní bọ́ọ̀lù.

Bí a bá gbé Màmá jáde lónìí, ẹ̀yìn ilé la máa kọ́kọ́ gbà. Ẹni tó bá fẹ́, kó fọwọ́ kan òpó bó ṣe ń kọjá.

Ẹ sùn re, Aláwọ̀n-Méjì, ọmọ káfíńtà, aya aláago, Màmi wa. Kí ilẹ̀ tù yín lára, kí orúnkún má dùn yín mọ́. Ẹ máa sáré lọ. Bí ẹ bá bojú wẹ̀yìn, tí ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó ń lé yín, ẹ má fòyà, ẹ má dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọ̀n tiwa gan-an lẹ kọjú sí.